Ìtàn Ìmọ̀ nípa Ìjẹra-ẹni Sẹ́ẹ̀lì àti Àrùn Jẹjẹrẹ Ìfun: Ohun tí ó Kan Àwọn Ará Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Àṣamọ̀

Bébà yìí tọ pinpin ìtàn bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe dé orí ìmọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì inú ara a máa jẹ lára ara rẹ̀ kí ó lè wà láàyè. Ó wo iṣẹ́ tí ìjẹra-ẹni yìí ń ṣe nínú ìfun tí ara rẹ̀ dá àti nínú ìfun tí jẹjẹrẹ ti wọ̀. Ó so ìtàn náà pọ̀ mọ́ ìtàn àrùn jẹjẹrẹ ìfun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó sì fi hàn pé àṣìpè orúkọ àìsàn lè gba ẹ̀mí ènìyàn, àti pé olùkọ́ ní ipa pàtàkì láti kó nínú àtúnṣe rẹ̀.

Ìfáárà

Ní ibùdókọ̀ Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgàndó, ó ṣòro kí ilẹ̀ mọ́ kí a má rí àwọn alágbo pẹ̀lú igo àti ike wọn lórí àtẹ. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kì í wọ́n níbẹ̀. Awakọ̀ tí ó jókòó láti ìdájí dé alẹ́, ìyá ọlọ́jà tí kò rí àyè dìde, ọ̀dọ́kùnrin tí ó fẹ́ràn ohun dídùn, gbogbo wọn ni wọ́n ń rà á. Bí ẹnìkan bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, orúkọ àkọ́kọ́ tí ó máa ń sọ sí ẹnu àwọn ará ilé ni jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣúgà ni wọn yóò di ẹ̀bi rù, àgbo ni wọn yóò sì fi wá ìwòsàn.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wá láti ara iṣan tí ó wú ní ihò ìdí, èyí tí kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó lè jẹ́ àmì àrùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Àmì kan, àìsàn méjì. Ẹni tí ó bá fi oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan mu àgbo fún èyí tí kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí ti fún jẹjẹrẹ láyè láti ta gbòǹgbò. Ní ọdún 2022, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àrùn yìí káàkiri àgbáyé lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ó lé ọgọ́rùn-ún (1,900,000), àwọn tí ó pa sì tó nǹkan bí 900,000. Pelé, àgbà ọ̀jẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì, wà lára àwọn tí ó pa lọ́dún náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ó kan ìmọ̀ nípa ìfun kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn dókítà nìkan.

Ọ̀rọ̀-ìṣe 'jẹ' àti Orúkọ Àìsàn

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí bí èdè Yorùbá ṣe ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe 'jẹ' láti fi sọ̀rọ̀ àìlera. Jẹ̀díjẹ̀dí ni ohun tí ó ń jẹ ìdí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ orúkọ jẹjẹrẹ tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí ohun tí ó ń jẹ ara díẹ̀díẹ̀. Nínú ìrònú àwọn baba wa, àìsàn jẹ́ ẹnu kan tí ó ń jẹni.

Ohun ìyanu ni pé ìmọ̀ òde òní náà bá ọ̀rọ̀ jíjẹ pàdé nínú ìwádìí nípa sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà mìíràn. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, èyí tí ó túmọ̀ sí 'ara ẹni' àti èyí tí ó túmọ̀ sí 'jíjẹ', ni wọ́n ti ṣẹ̀dá orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà. Ìjẹra-ẹni ni bébà yìí yóò máa pè é. Kí a má ṣe ṣì í gbọ́ fún jíjẹrà. Ohun tí ó bá jẹrà ti bàjẹ́. Ohun tí ó bá jẹra ẹni nínú ìtumọ̀ yìí ń tún ara rẹ̀ ṣe ni. Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì nìkan ni ọ̀bẹ tí òwe yìí kò bá wí: ojoojúmọ́ ni ó ń gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ìmọ̀ náà: Láti Bẹ́ljíọ̀mù dé Jàpáànì

Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn ìmọ̀ yìí ni Christian de Duve, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí a bí ní ọdún 1917. Iṣẹ́ tí insulin ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀ ni ó ń wádìí ní Yunifásítì Louvain. Èròjà kan tí ó ń wọ̀n nínú ẹ̀dọ̀ eku kò fara hàn bí ó ti yẹ, àfi lẹ́yìn tí ó ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Dípò kí ó sọ iṣẹ́ náà nù, ó béèrè ìdí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé inú àpò kékeré kan ni èròjà náà wà, àpò náà ni ó sì dè é mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1955 ni ó sọ àpò náà ní láísósóòmù. Èròjà tí ó ń da nǹkan bí ikùn ti ń da oúnjẹ ni ó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ tí ń lo awò alágbára rí i pé a máa bá ègé ara sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ nínú àwọn àpò wọ̀nyí. Ní ọdún 1963, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, de Duve fún ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ dòní. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1974 pẹ̀lú Albert Claude àti George Palade fún iṣẹ́ wọn lórí sẹ́ẹ̀lì. Síbẹ̀, fún bí ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ ìjẹra-ẹni kò kúrò ní ohun tí a ń fi ojú rí lásán. Kò sí ẹni tí ó mọ jíìnì tí ó ń darí rẹ̀.

Yoshinori Ohsumi, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì, ni ó já kókó náà. Ìwúkàrà ni ó fi ṣe ìwádìí, ìyẹn irú ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ó ń mú búrẹ́dì wú, tí ó sì ń mú ẹmu ọ̀pẹ kan. Ó mú ìwúkàrà tí kò lè da ohun tí ó bá gbé mì, ó sì fi ebi pa á. Láàárín wákàtí díẹ̀, àpò inú rẹ̀ kún fún ẹrù tí kò rí dà. Báyìí ni ó ṣe fi ojú rí ohun tí í máa pòórá kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ní ọdún 1992 ni ó tẹ àbájáde yìí jáde. Ní ọdún 1993, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ìdí jíìnì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún múlẹ̀ tí ìjẹra-ẹni kò lè ṣe kó máà ní. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé irú àwọn jíìnì bẹ́ẹ̀ wà nínú ara ènìyàn. Ní ọdún 2016, Ohsumi nìkan ni ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún náà.

Bí Ìjẹra-ẹni ṣe ń Ṣiṣẹ́ nínú Ìfun tí Ara Rẹ̀ Dá

Nígbà tí ebi bá pa sẹ́ẹ̀lì, tàbí tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, awọ pẹlẹbẹ kan yóò hù, yóò sì máa tẹ̀ yí ohun tí ó bàjẹ́ náà ká títí yóò fi pa ẹnu dé bí àpò. Àpò yìí yóò lọ bá láísósóòmù, àwọn méjèèjì yóò sì di ọ̀kan. Ẹrù inú àpò yóò dà, sẹ́ẹ̀lì yóò sì kó ohun tí ó bá wúlò níbẹ̀ láti fi kọ́ tuntun. Ìwà yìí kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó wó ògiri tí ó ti sán, tí ó tún fi àlàpà rẹ̀ po amọ̀ tuntun.

Kò sí ibi tí iṣẹ́ yìí ti ṣe pàtàkì tó ìfun. Awọ inú ìfun kékeré a máa pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kòtò kéékèèké inú awọ náà ni ó ń bí àwọn tuntun. Àwọn tuntun ń gùn sókè, àwọn tí ó ti gbó sì ń bọ́ sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí à ń pè ní Paneth wà bí ẹ̀ṣọ́, tí wọ́n ń tu oró sí àwọn kòkòrò àìfojúrí. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí rí i pé ìyípadà nínú jíìnì ìjẹra-ẹni kan, ATG16L1, wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ní àrùn Crohn, ìyẹn àìsàn tí ó ń mú kí ìfun máa wú kí ó sì máa gbóná. Ní ọdún 2008, ìwádìí lára eku àti lára ènìyàn fi hàn pé bí jíìnì yìí kò bá ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kì í lè tu oró wọn dáadáa. Bí ẹ̀ṣọ́ bá sùn, olè yóò wọlé.

Jẹjẹrẹ Ìfun ní Ilẹ̀ Yorùbá: Ohun tí Àkọsílẹ̀ Sọ

Nígbà tí ìmọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì ń gbòòrò ní Yúróòpù, ìtàn mìíràn ń lọ lọ́wọ́ ní Áfíríkà. Ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1957. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ níbẹ̀, èyí tí ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti 1960 sí 1962 wọ inú ìwé àkọ́kọ́ tí a fi ṣe àfiwé jẹjẹrẹ láàárín àwọn ilẹ̀ àgbáyé, èyí tí ó jáde ní ọdún 1966. Níbẹ̀, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Ìbàdàn bí a bá fi wé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà fún bí ogún ọdún, gbìyànjú láti ṣàlàyé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú bébà rẹ̀ ti ọdún 1971, ó ní oúnjẹ ni ó fà á. Oúnjẹ àwọn ará abúlé Áfíríkà kún fún ṣákáṣàká tí ikùn kì í lè dà, ìgbọ̀nsẹ̀ wọn pọ̀, kì í sì í pẹ́ nínú ìfun. Àwọn òyìnbó ń jẹ oúnjẹ tí a ti bó gbogbo èèpo rẹ̀ dànù.

Kò yẹ kí a gba àlàyé yìí láìyẹ̀ ẹ́ wò. Jẹjẹrẹ ìfun wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ará ìlú ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kò sì dé ilé ìwòsàn rárá, kí a tó wá sọ pé kí wọ́n wọ inú ìwé. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Burkitt kò bọ́ sílẹ̀ lásán. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí gbé àbájáde kan jáde: wọ́n fún ogún aláwọ̀ dúdú ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ní oúnjẹ abúlé Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì fún ogún ará abúlé Gúúsù Áfíríkà ní oúnjẹ Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn àmì tí ó jẹ mọ́ ewu jẹjẹrẹ dínkù nínú ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì pọ̀ sí i nínú ìfun àwọn ará Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún kan náà ni àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ẹran tí a fi èròjà pa mọ́, irú bíi sọ́séèjì, ń fa jẹjẹrẹ ìfun.

Ibi tí Odò Méjèèjì ti Pàdé

Ní ọdún 2011 ni ìtàn ṣákáṣàká àti ìtàn ìjẹra-ẹni pàdé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé nínú ìfun ńlá ni ó ń jẹ ṣákáṣàká tí àwa kò lè dà. Nígbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n a máa fi èròjà kan tí ń jẹ́ butyrate sílẹ̀. Èròjà yìí ni oúnjẹ tí sẹ́ẹ̀lì ìfun ńlá fẹ́ràn jù; òun ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára tí ó ń lò. Àwọn olùwádìí lo eku tí a tọ́ láìsí kòkòrò àìfojúrí kankan nínú ìfun rẹ̀. Wọ́n rí i pé ebi ń pa sẹ́ẹ̀lì ìfun wọn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra wọn kí wọ́n má baà kú. Nígbà tí wọ́n fún àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ní butyrate, ìjẹra-ẹni náà rọlẹ̀.

Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, àgbàdo àti èso tí ó kún fún ṣákáṣàká kì í ṣe ohun tí ó ń ti ìgbọ̀nsẹ̀ jáde nìkan. Oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ìfun ni a ń gbìn.

Ojú Méjì Ìjẹra-ẹni nínú Jẹjẹrẹ

Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Láti inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni jẹjẹrẹ ti ń hù. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ìbàjẹ́ jíìnì kan tí ń jẹ́ APC, tí wọ́n ṣàwárí ní ọdún 1991, ni ó ń ṣáájú. Èso kékeré yóò hù nínú ìfun, ó sì lè gbà tó ọdún mẹ́wàá kí ó tó di jẹjẹrẹ.

Ní ọdún 1999, Beth Levine àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé jíìnì ìjẹra-ẹni kan, beclin 1, a máa dí ìdàgbà jẹjẹrẹ lọ́wọ́. Ní ọdún 2003, eku tí ó pàdánù ìdajì jíìnì yìí ní jẹjẹrẹ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀: ìjẹra-ẹni ń kó ìdọ̀tí kúrò, sẹ́ẹ̀lì tí ó mọ́ kì í sì í di jẹjẹrẹ.

Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ọdún 2011, a rí i pé àwọn jẹjẹrẹ kan tí jíìnì RAS ń darí kò lè gbé láìsí ìjẹra-ẹni. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Faransé mú eku tí jíìnì APC rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n sì yọ jíìnì ìjẹra-ẹni kan, ATG7, kúrò nínú ìfun rẹ̀. Èso jẹjẹrẹ kò rí àyè hù bí ó ti yẹ; àwọn ọmọ ogun ara eku náà dìde sí i, àwọn kòkòrò inú ìfun sì kópa nínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ tí ó ti dàgbà a máa wà níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ kò ti dé dáadáa, ìjẹra-ẹni ni ó sì fi ń la ìyàn náà já. Alágbàro tí ń ro oko onílé ni, ṣùgbọ́n bí olè bá gba oko, yóò máa ro ó fún olè náà.

Kò ya ni lẹ́nu nígbà náà pé àwọn dókítà ń wá oògùn tí yóò dá ìjẹra-ẹni dúró nínú jẹjẹrẹ. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú lò jẹ́ ojúlùmọ̀ ní gbogbo ilé ní Nàìjíríà. Chloroquine, tí Hans Andersag kọ́kọ́ ṣe ní Jámánì ní ọdún 1934, ni ó ń wo ibà fún wa títí di ọdún 2005 tí ìjọba àpapọ̀ fi oògùn alápapọ̀ rọ́pò rẹ̀. Chloroquine a máa wọ inú láísósóòmù, a sì máa sọ ìkan inú rẹ̀ di ahẹrẹpẹ tí kò fi ní lè da nǹkan mọ́. Wọ́n ti dán ìbátan rẹ̀, hydroxychloroquine, wò pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ kò tíì tó ohun tí a lè sọ di ìtọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun lè rà á lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láti fi wo ara rẹ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ Kòfíìdì, àwọn kan ní Èkó lo chloroquine ní àlòjù títí wọ́n fi bá ara wọn ní ilé ìwòsàn.

Alímọ̀ṣọ́: Ohun tí Ìmọ̀ yìí Dé Bá

Abúlé Àwórì àti oko ni ọ̀pọ̀ ibi ní Alímọ̀ṣọ́ tẹ́lẹ̀ kí Èkó tó fẹ̀ dé ibẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ náà ti lé ní mílíọ̀nù kan. Oko ti di ilé, ẹni tí ó ń jẹ ohun tí ó gbìn sì ti di ẹni tí ó ń jáde ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, tí ó ń fi búrẹ́dì, ohun dídùn inú ike àti oúnjẹ inú ọ̀rá gbé ọjọ́. Oúnjẹ wa ń lọ sí ọ̀nà tí Burkitt kọminú sí.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a tún ṣe. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Láti ìgbà tí Ohsumi ti gba ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ ti gba orí ẹ̀rọ ayélujára kan pé ààwẹ̀ ń wo jẹjẹrẹ nítorí pé ebi ń ru ìjẹra-ẹni sókè. Ní ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí pọ̀ bí Ìkòtún àti Ìgàndó, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa tètè ràn. Ààwẹ̀ ní ìdí tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ó ń wo jẹjẹrẹ ìfun. Bí ìtàn òkè yìí ti fi hàn, jẹjẹrẹ tí ó ti dàgbà mọ bí a ṣe ń fi ìjẹra-ẹni la ebi já, aláìsàn tí ó ti rù ni kò ní lè là á já.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí. Ìwádìí láti àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní Nàìjíríà ti ń fi hàn léraléra pé ọ̀pọ̀ aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun ni ó ń pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ní Ilé-Ifẹ̀, ilé ìwòsàn OAUTHC àti ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York ti pawọ́ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ olùwádìí ARGO láti ọdún 2013. Ní ọdún 2021 wọ́n fi hàn pé jẹjẹrẹ ìfun àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìwà tirẹ̀ nínú jíìnì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a kò lè fi ìwádìí ilẹ̀ òkèèrè nìkan tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò lọ, tí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ó ń rù láìnídìí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ, kí ó lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgàndó kò jìnnà. Láti ibẹ̀ ni a ti lè darí rẹ̀ sí ibi tí wọn yóò ti fi awò wo inú ìfun. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ irú àyẹ̀wò yìí láti ọdún 2021, kódà bí ara ẹni náà bá dá. Èso tí a bá yọ nígbà tí ó ṣì kéré kò ní di jẹjẹrẹ mọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti fi hàn pé ìjẹra-ẹni kì í ṣe ọ̀rẹ́ pátápátá, kì í sì í ṣe ọ̀tá pátápátá. Ó ń tọ́jú ìfun tí ara rẹ̀ dá, ó sì ń bọ́ jẹjẹrẹ tí ó ti gba ilé. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé oúnjẹ tí ó ní ṣákáṣàká ní ohun tí ó ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì ìfun ju bí a ti rò lọ.

Iṣẹ́ ń bẹ fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tí a bá kọ́ ní kíláàsì pé ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí nígbà gbogbo yóò gbé ọ̀rọ̀ náà délé fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Èdè Yorùbá sì ni yóò fi sọ ọ́. Nítorí náà, ó di dandan kí àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì jọ jókòó láti wá orúkọ tí ó ṣe kedere fún jẹjẹrẹ ìfun, tí yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára jẹ̀díjẹ̀dí. Àìsàn tí kò ní orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n ń fi oògùn àìsàn mìíràn wò.